Síso módúlù pọ̀ láìdì wọ́n pa: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Èkìtì

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Adó-Èkìtì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́ máa ń bi mí jù. Àpẹẹrẹ kan náà ni mo lò jálẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí pé àwọn olùkọ́, àwọn ọlọ́jà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ló ń ṣe é. Ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó lóṣooṣù, ó ń yá owó, onídùúró ń dúró fún un, akápò ń já rìsíìtì fún un, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ń wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń so àwọn apá yìí pọ̀ dáadáa ti mọ púpọ̀.

Kí ni ẹ ń pè ní módúlù?

Módúlù ni apá kan nínú ètò tó ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó ní ohun tó ń ṣe fún àwọn apá yòókù, tó sì ní ohun tó fi pamọ́ fún wọn. Ohun tó fi pamọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù.

Ní 1972, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, David Parnas, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó mú ètò kékeré kan, ó sì pín in sí módúlù ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní tẹ̀lé ìgbésẹ̀ iṣẹ́: ka ọ̀rọ̀ wọlé, yí i po, tò ó, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọ̀nà kejì, ó wá àwọn ìpinnu tó ṣeé ṣe kó yí padà lọ́la, ó sì fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú módúlù kan. Ètò méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ọ̀nà tí a gbà kó dátà pamọ́ padà, ẹ ó ṣí gbogbo módúlù ti ọ̀nà kìíní, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré lẹ máa ṣí nínú ti ọ̀nà kejì.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí ló máa ń yí padà níbẹ̀? Bí a ṣe ń ṣírò èlé máa ń yí padà lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbòò. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lè yí padà nígbàkigbà tí owó wọn bá gòkè. Bí rìsíìtì ṣe rí àti ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí náà kì í dúró lójú kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Ẹni tó bá gé e sí «ìwọlé», «ìṣirò» àti «ìjáde» yóò rí i pé ọ̀rọ̀ èlé wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé tí mo bá ti pín kóòdù mi sí fáìlì mẹ́wàá, mo ti ní módúlù nìyẹn?

Rárá o. Bí fáìlì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ń wọ inú ara wọn, tí ọ̀kan ń yí iye inú èkejì padà láìtọrọ ààyè, fáìlì kan ṣoṣo ṣì ni wọ́n, ẹ kàn ti gé e sí wẹ́wẹ́ ni.

Ìjogún ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa nílé ìwé. Kí ló wá burú nínú rẹ̀?

Kíláàsì ni àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan sílẹ̀ nínú kóòdù. Ìjogún ni pé kí kíláàsì kan gba ohun tó wà nínú òmíràn, bí ọmọ ṣe ń jogún òbí. Ó ti pẹ́ láyé. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ló gbé e wọ inú èdè kóòdù Simula 67 ní Norway, ó sì wúlò gan-an. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kíláàsì ọmọ máa ń gbára lé ohun tó wà nínú ikùn òbí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí òbí náà ṣèlérí nìkan. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí.

A ní kíláàsì kan tó ń jẹ́ Akanti. Ó ní fọ́ńṣọ̀n méjì, ìyẹn iṣẹ́ tí a lè fi orúkọ pè. gbaOwo ń gba owó oṣù kan wọlé. gbaOpo ń gba owó oṣù mélòó kan tí ọmọ ẹgbẹ́ jẹ sẹ́yìn, tó wá san pọ̀. Ẹni tó kọ Akanti jẹ́ kí gbaOpo máa pe gbaOwo fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò kọ ìyẹn síbì kankan, torí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni lójú tirẹ̀. Ẹlòmíràn wá kọ AkantiOniSMS, tó jogún Akanti. Ó fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lọ fún owó oṣù kọ̀ọ̀kan, ló bá tún fọ́ńṣọ̀n méjèèjì kọ, kí èyíkéyìí tí akápò bá lò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Màmá kan san owó oṣù mẹ́ta. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́fà ló wọlé sórí fóònù wọn: gbaOpo ti ọmọ fi mẹ́ta ránṣẹ́, ó pe gbaOpo ti òbí, ti òbí pe gbaOwo lẹ́ẹ̀mẹta, gbaOwo yẹn sì ti di ti ọmọ, ló bá tún fi mẹ́ta ránṣẹ́. Ẹ ka kóòdù ọmọ lóun nìkan, kò sí àṣìṣe. Ẹ ka ti òbí, kò sí àṣìṣe.

Ó dáa, ẹni tó kọ ọmọ wá yọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúrò nínú gbaOpo, ó di mẹ́ta bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, ẹni tó kọ Akanti fẹ́ kí iṣẹ́ yá, ó tún gbaOpo kọ kó máa kọ gbogbo owó náà sínú àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìpe gbaOwo mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá san owó oṣù púpọ̀ pọ̀ kò ní rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Compiler, ìyẹn ètò tó ń yẹ kóòdù wò tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kò ní sọ nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó wá jà ní ìpàdé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Mi ò ní kí ẹ má lo ìjogún rárá. Bí òbí àti ọmọ bá wà nínú módúlù kan náà, tó jẹ́ ẹnì kan náà ló ń tọ́jú wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹ má ṣe fi ìjogún so módúlù kan mọ́ òmíràn ni mò ń sọ.

Kí ni kí n lò dípò rẹ̀?

Ẹ fi ọ̀kan sínú èkejì, kí ẹni òde máa bẹ ẹni inú níṣẹ́. AkantiOniSMS kì í ṣe ọmọ Akanti mọ́, ó ní Akanti kan lọ́wọ́ ni. Bí owó bá dé, ó ń gbé e fún Akanti tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bóyá gbaOpo ti inú ń pe gbaOwo ti inú tàbí kò pè é, ìpè yẹn kò lè jáde síta mọ́. Mẹ́ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ màmá yẹn lónìí, mẹ́ta náà ni lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwa ará Èkìtì ní ìtàn kan tó jọ èyí. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dìde lójú ogun Kírìjì, láàrin 1877 sí 1893, àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn ará wọn mìíràn jà pọ̀, Fábùnmi láti Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé láti Iléṣà wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìlú tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ ìlú mìíràn kó tó lè bá wọn jà. Ọba kálukú wà lórí ìtẹ́ rẹ̀, àdéhùn ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí módúlù yín rí.

Ọ̀nà yìí ní ìnáwó tirẹ̀. Bí Akanti bá ní ogún fọ́ńṣọ̀n, ẹ ó kọ ogún ìlà tí kò ṣe ju pé kó gbé iṣẹ́ wọlé lọ. Èdè Kotlin yanjú ìyẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `by`, compiler á bá yín kọ àwọn ìlà náà. Èdè Go náà jẹ́ kí ẹ fi struct (àkójọ dátà) kan sínú òmíràn láìsọ ọ́ lórúkọ, kí fọ́ńṣọ̀n inú máa yọ síta fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ìjogún ni ti Go yẹn. Kì í ṣe òun: fọ́ńṣọ̀n inú kò mọ ẹni òde rí, ìpè rẹ̀ kò sì ní jáde lọ bá a.

Bí mo bá fẹ́ jogún láti ọ̀dọ̀ òbí méjì ńkọ́?

Ká ní Ẹ̀yáwó àti Ìfowópamọ́ jẹ́ ọmọ Akanti, kí kíláàsì kẹrin wá jogún àwọn méjèèjì. Akanti mélòó ló wà nínú rẹ̀? Bí àwọn méjèèjì bá tún fọ́ńṣọ̀n kan kọ, ti ta ni ká tẹ̀ lé?

Èdè kálukú ló ní ìdáhùn tirẹ̀. C++ ní kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín bóyá Akanti kan tàbí méjì lẹ fẹ́. Python to àwọn kíláàsì sí ìlà kan ṣoṣo, ó sì ń tẹ̀ lé ìlà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìlànà tó ń jẹ́ C3 ló fi ń tò ó láti Python 2.3 ní 2003. Ẹ lè fi `__mro__` wo ìlà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé `super()` kì í ṣe «òbí mi», ẹni tó kàn lórí ìlà ni, ó sì lè jẹ́ kíláàsì tí ẹ̀yin tí ẹ kọ kóòdù náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé. Java kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1995: òbí kan ṣoṣo, interface (àdéhùn tó sọ fọ́ńṣọ̀n tí kíláàsì gbọ́dọ̀ ní) iye tí ẹ bá fẹ́. Nígbà tí Java 8 dé ní 2014, ó gbà kí interface ní kóòdù nínú, ṣùgbọ́n bí méjì bá kọlu ara wọn, compiler á kọ̀ jálẹ̀ títí ẹ ó fi yàn. Ìdáhùn Java yìí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ni ìyàtọ̀ mixin àti trait?

Àwọn méjèèjì jẹ́ ìwà tí a lè bù fún kíláàsì láìsọ pé òbí rẹ̀ ni. Ká ní «ó ṣeé tẹ̀ sórí rìsíìtì». Ẹ̀yáwó fẹ́ ẹ, Ìfowópamọ́ fẹ́ ẹ, owó ìtanràn náà fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹbí kan náà.

Mixin ló kọ́kọ́ dé, nínú ètò kan tó ń jẹ́ Flavors tí wọ́n ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà fún èdè Lisp. Ní 1990, Gilad Bracha àti William Cook fi hàn pé a lè fi í ṣàlàyé oríṣiríṣi ìjogún tó wà nígbà náà. Èdè Ruby lò ó tọkàntọkàn: ẹ kọ `include`, ó parí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe to mixin tẹ̀ lé ara wọn ní ìtumọ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn bo ti iwájú mọ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìyẹn ni Schärli, Ducasse, Nierstrasz àti Black fi gbé trait jáde ní 2003. Nínú tiwọn, ètò bí ẹ ṣe tò wọ́n kò já mọ́ nǹkan kan, bí orúkọ méjì bá sì kọlu ara wọn, ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ ló gbọ́dọ̀ dá a. PHP gbà á wọlé ní ẹ̀dà 5.4 ní 2012. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi PHP jẹun, ẹ lọ wo `insteadof`: ibẹ̀ lẹ ti máa sọ pé ti trait yìí ni mo fẹ́, kì í ṣe ti tọ̀hún.

Trait ti èdè Rust kì í ṣe ọmọ ìyá trait yìí bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Ó súnmọ́ type class ti èdè Haskell, tí Philip Wadler àti Stephen Blott ṣàlàyé ní 1989. Agbára rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ìwà tuntun kún irú dátà tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn kọ, láìfọwọ́ kan kóòdù rẹ̀. Rust fi òfin kan dè é: trait náà tàbí irú náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín. Bí kò bá sí òfin yẹn, láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíràn kọ fún ìlò gbogbo èèyàn) méjì lè fún irú kan náà ní ìwà méjì tó ta ko ara wọn.

Ẹ máa ń sọ «àdéhùn» ṣáá. Báwo ni mo ṣe ń kọ ọ́ sínú kóòdù?

Interface ni. Ẹ wo èyí ní Go:

```
type Aranse interface {
    Ran(nomba, oro string) error
}
```

Módúlù tó ń gba owó kọ àdéhùn yìí sínú ilé ara rẹ̀: «Mo nílò ẹnikẹ́ni tó lè gba nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀, kó fi ránṣẹ́.» Ohunkóhun tó bá ní fọ́ńṣọ̀n Ran tó rí bẹ́ẹ̀ ti mú àdéhùn ṣẹ, kò ní láti forúkọ sílẹ̀ pé òun mú un ṣẹ. Báyìí ni Go ṣe wà láti ìgbà tó ti jáde ní 2009. Nínú Java, ẹni tó kọ kíláàsì gbọ́dọ̀ kọ `implements`, èyí tó túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ti mọ àdéhùn yín kó tó kọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn kéré. Èyí tó ní fọ́ńṣọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnì kan ṣoṣo ló máa lè mú un ṣẹ, ẹni náà sì ni ẹ ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ pé módúlù lè gba módúlù bí fọ́ńṣọ̀n ṣe ń gba nọ́ńbà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, inú mi sì máa ń dùn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, torí àwọn tó ń kọ́ Python àti JavaScript nìkan kì í sábà pàdé rẹ̀. David MacQueen ló gbé e kalẹ̀ fún èdè Standard ML ní ọdún 1984 síbẹ̀, OCaml sì ń lò ó títí dòní. Functor ni wọ́n ń pè é.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ń gba èlé tó dúró lójú kan. Ti àwọn ọlọ́jà ń dínkù bí gbèsè ṣe ń dínkù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò kan náà ni wọ́n fẹ́.

```
module type ELE = sig
  val ele : owo:int -> osu:int -> int
end

module Eyawo (E : ELE) = struct
  let apapo ~owo ~osu = owo + E.ele ~owo ~osu
end

module Oluko = Eyawo (EleOjuKan)
module Oloja = Eyawo (EleTiNDinku)
```

(Kọ́bọ̀ ni mo fi ka owó níbẹ̀, kì í ṣe náírà oní-ìpín, kí ìṣirò má bàa yẹ̀.) Eyawo kò mọ ẹgbẹ́ kankan. Ó kàn sọ pé kí wọ́n gbé módúlù tó mọ èlé í ṣírò wá. Compiler yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹ gbé wá bá ELE mu, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bí ẹgbẹ́ kẹta bá dé láti Ìjerò pẹ̀lú ìlànà èlé tirẹ̀, módúlù èlé rẹ̀ àti ìlà kan tó so ó mọ́ Eyawo nìkan lẹ máa fi kún un.

Ohun tó tún mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé módúlù lè fi irú dátà pamọ́. Bí ẹ bá kọ `type t` sínú àdéhùn láìsọ ohun tó jẹ́, kò sẹ́ni tó wà lóde tó lè mọ̀ pé nọ́ńbà ni, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèèṣì fi nọ́ńbà owó ìfowópamọ́ sí ibi tí nọ́ńbà ìwé ẹgbẹ́ yẹ kó wà. Láti OCaml 3.12, ní 2010, ẹ tilẹ̀ lè di módúlù sínú iye lásán, kí ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ètò ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ǹjẹ́ mo nílò framework (àkójọ kóòdù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) kan kí n tó lè so nǹkan pọ̀ báyìí?

Rárá. Ẹ fi ohun tí módúlù nílò fún un nígbà tí ẹ ń dá a sílẹ̀, kí ẹ sì ní fáìlì kan ṣoṣo níbi tí gbogbo síso ti ń ṣẹlẹ̀. Main yín nìyẹn, ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì lọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣì lè dán gbogbo ètò wò lórí bátìrì kọ̀ǹpútà yín: ẹ fi Aranse ayédèrú kan sí i tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sínú fáìlì dípò kó fi ránṣẹ́.

Àwọn láíbìrì tí mò ń fà wá láti íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Módúlù ni àwọn náà, ìkáwọ́ yín kọ́ ni wọ́n wà. Ní oṣù kẹta 2016, ẹni tó kọ láíbìrì kékeré kan tó ń jẹ́ left-pad yọ ọ́ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń gba láíbìrì. Ìlà mọ́kànlá ni kóòdù rẹ̀, ohun tó sì ń ṣe kò ju pé kó fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀. Babel (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù JavaScript) àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn káàkiri ayé kò ṣeé kọ́ mọ́, títí npm fi dá a padà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kan kò mọ̀ pé àwọn ń lò ó, torí láíbìrì tí láíbìrì wọn ń lò ni.

Fún láíbìrì tó bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ àdéhùn tiyín síwájú rẹ̀, kí módúlù kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ti ẹ̀dà rẹ̀ pa sínú lock file, fáìlì tó ń sọ ẹ̀dà tí ètò gbọ́dọ̀ lò. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan sílé, dátà wọ́n.

Kí lẹ rí sí aspect?

Gregor Kiczales àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox PARC gbé e jáde ní 1997. Kóòdù tí a kọ síbì kan, tí a sì ń fi kún àwọn módúlù láti òde ni. Ó wà fún iṣẹ́ tó ń gba inú gbogbo módúlù kọjá, bíi kíkọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan owó sílẹ̀. Ó lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka gbaOwo kò ní rí i pé nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó sì ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò gbọ́dọ̀ rí i. Mo fara mọ́ ọn kí ẹ fi Akanti kan sínú òmíràn, bí mo ṣe sọ lókè, kí ó hàn sójú.

Mo ń fi PHP ṣiṣẹ́ ní Adó. Ṣé kí n yí èdè padà ni?

Ẹ má yí i. Interface wà nínú PHP, trait wà níbẹ̀, fífi ọ̀kan sínú èkejì kò sì nílò ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ wá àyè díẹ̀ fún OCaml ní ìrọ̀lẹ́. Kò wúwo, kò nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ó sì máa tún bí ẹ ṣe ń ronú nípa PHP fúnra rẹ̀ ṣe.

Ètò ẹgbẹ́ wa ti dì pọ̀ tipẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?

Ẹ má tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ìtàn git yín (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà kóòdù), kí ẹ wo àwọn fáìlì tó máa ń yí padà pọ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ìgbà tí ẹ fọwọ́ kan rìsíìtì lẹ tún ń fọwọ́ kan èlé, ibẹ̀ ni kókó tó le jù wà. Ẹ kọ ìdánwò díẹ̀ yí i ká, kí ẹ fi owó gidi inú àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá kọ àdéhùn kékeré kan sáàárín àwọn méjèèjì, kí rìsíìtì máa gba iye tí wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀ dípò kó máa ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akápò lò ó fún oṣù kan kí ẹ tó fọwọ́ kan kókó mìíràn. Bí èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ yí i padà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.